Nọ́ńbà méjì lórí ìgúnpá kan: báwo lẹ ṣe ń wọn oríkèé, agbára àti ìfaradà?

Títílayọ̀_OT

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ occupational therapy (OT) ni, ìyẹn ìtọ́jú tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì ti lọ́jú pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mò ń tọ́jú obìnrin aránṣọ kan tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. Eegun apá òkè rẹ̀ ló dá nítòsí ìgúnpá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, eegun ti jinná, dókítà eegun sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a lè máa dán agbára apá náà wò.

Mo fi goniometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn igun oríkèé, wọn ìgúnpá rẹ̀, mo rí dígírì 35 sí 105 (0 ni apá tó nà tán). Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí 25 sí 115. Nígbà tí mo dán iṣan rẹ̀ wò, mo fún un ní 4 nínú 5 (5 ni agbára tó pé), àti nínú kíká apá àti nínú nínà á. Tí ẹ bá wo ìwé rẹ̀, ẹ ó ní ara rẹ̀ ti ń yá. Ṣùgbọ́n kò lè ya irun, kò lè de bọ́tìnnì ọrùn aṣọ, tó bá sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ní pẹ́ tí apá á fi wúwo, tí yóò sì gbé e lé itan.

Èwo nínú nọ́ńbà méjèèjì ni kí n kọ? Báwo ni ẹni tó gba 4 ò ṣe ní lè ya irun? Àti pé kí lẹ fi ń wọn ìfaradà? Ohun tí mo ń bá nínú ìwé àwọn tó ṣáájú mi ni “ó tètè ń rẹ̀ ẹ́”, kò sì sí nǹkan míì lẹ́yìn rẹ̀.

Alàgbà_Oníwọ̀n

Títílayọ̀, o káre. Kí a tó sọ pé ẹnì kan ṣì í wọ̀n, dá mi lóhùn ná. Nígbà tí o wọ̀n ọ́n, ṣé obìnrin náà ló ká apá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àbí ìwọ lo bá a ká a? Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé ó jókòó ni àbí ó fẹ̀yìn lélẹ̀? Ṣé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn tí ẹ ti fi ooru sí i tí ara ti rọ̀? Bí gbogbo èyí ò bá sí nínú ìwé, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn yín ò lè fi nọ́ńbà náà ṣe ohunkóhun.

Bí mo ṣe ń wọn ìgúnpá nìyí. Èjìká á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú síwájú bó ti ṣeé ṣe tó. Fi ìka wá eegun tó yọ gọngọ ní ẹ̀gbẹ́ òde ìgúnpá, ibẹ̀ ni àárín goniometer á jókòó lé. Ẹsẹ̀ goniometer tí kì í mì á tẹ̀lé àárín apá òkè lọ sí ṣóńṣó èjìká. Èyí tó ń yí á tẹ̀lé eegun ìhà àtàǹpàkò lọ sí ibi tó ti yọ létí ọrùn ọwọ́. Má fi ojú nìkan wá àwọn àmì eegun yìí o, ìka ni kí o fi tẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wíwú máa ń bo eegun mọ́lẹ̀, bí àárín goniometer bá sì yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí oríkèé, nọ́ńbà náà yẹ̀ nìyẹn. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ bá ìlà rẹ̀ dọ́gba kí o tó kà á, má dúró lókè kà á.

Wọn apá kejì ṣáájú. Ìwé sọ pé ìgúnpá máa ń lọ láti 0 dé nǹkan bíi 150, ṣùgbọ́n ara ènìyàn ò rí bákan náà, apá tí kò ṣe nǹkan kan ni òṣùwọ̀n tó sún mọ́ òtítọ́ jù.

Ọwọ́ ẹnì kan náà pàápàá lè fi nǹkan bíi dígírì 5 yàtọ̀ síra láàárín ìwọ̀n méjì. Nítorí náà tí o bá rí àfikún dígírì 3, má tíì sọ fún aláìsàn pé ó ti sàn sí i. Ṣùgbọ́n tiyín fi 10 yàtọ̀ ní ìhà méjèèjì. Nǹkan míì wà níbẹ̀.

Ọwọ́Yá

Ẹ má bínú sí mi o. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èrò máa ń pọ̀, ojú ni mo fi ń wò ó. “Gbé ọwọ́ sókè, fi kan ẹ̀yìn orí, fi kan ẹ̀yìn ìbàdí, di ẹ̀ṣẹ́, tú u.” Kí n tó rí ibi tí goniometer wà, mo ti mọ oríkèé tó ní ìṣòro. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ 90 tó bá rí i.

Físíò_Kúnlé

@Ọwọ́Yá, fún yíyẹ̀wò wéré, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ó tiẹ̀ yẹ kí gbogbo wa máa fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ oríkèé tó yẹ ní wíwọ̀n, ká má baà fi gbogbo àkókò wọn èyí tí kò ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí ìgúnpá rẹ̀ bá dúró sójú kan, nọ́ńbà tí a bá kọ wà lára ohun tí dókítà máa wò láti pinnu bóyá kí wọ́n tún padà wọlé lọ tú oríkèé náà. Ojú mọ 90 lóòótọ́, nítorí igun tó tọ́ ni. Ojú kì í mọ ìyàtọ̀ 105 sí 115.

Títílayọ̀_OT

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti bi ẹ̀gbọ́n náà. Èmi, ó jókòó, òun fúnra rẹ̀ ló ká apá rẹ̀, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Àwọn, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, àwọn ni wọ́n bá a ká a, wọ́n sì ti fi ooru sí i.

Alàgbà_Oníwọ̀n

Ó ti yé mi báyìí. Nọ́ńbà méjèèjì ló tọ̀nà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ wọ̀n. Kọ méjèèjì, kí o kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ààyè tirẹ̀: èyí tó fúnra rẹ̀ ṣe, àti èyí tí a bá a ṣe.

Tí o bá fi wọ́n wéra, wọ́n á sọ ibi tí ìṣòro wà fún ọ. Èyí tí a bá a ṣe, 25 sí 115, ni ibi tí oríkèé gbà á láyè dé. Níwọ̀n bí èyí gan-an ti kéré, a mọ̀ pé oríkèé tàbí ẹran tó yí i ká ti le, kì í ṣe iṣan nìkan. Àlàfo 10 tó kù láàárín méjèèjì ni iṣan rẹ̀ kò lè gbé apá dé. Ó lè jẹ́ àìlágbára, ó lè jẹ́ ìrora, ó sì lè jẹ́ pé okùn iṣan ti lẹ̀ mọ́ ojú àpá iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ ooru ti da ọ̀rọ̀ náà rú díẹ̀. Wọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ní ìdúró kan náà, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí goniometer ò lè sọ fún ọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ ló máa sọ ọ́: báwo ni oríkèé náà ṣe ń dúró níbi tó parí sí? Tí a bá ká ìgúnpá tó dá ṣáṣá, ó máa ń dúró jẹ́jẹ́ nítorí pé ẹran apá ìsàlẹ̀ ló kan ẹran apá òkè. Tí a bá nà án, ó máa ń dúró gan-an nítorí pé eegun ló kan eegun. Tirẹ̀ dúró ní 115, ẹran ò sì tíì kan ẹran níbẹ̀. Bó bá dúró bí awọ tí a fà, tó ṣì ń fún ọ ní díẹ̀ tí o bá dúró tì í, ẹran àti àpò oríkèé ló kúrú. Fífà á pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ fún ìgbà pípẹ́ àti splint (ohun tí a fi ń de apá mú sójú kan) sábà máa ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá dúró gbì bí eegun, tí ibẹ̀ gbóná, tó ń wú, tí nọ́ńbà sì ń dínkù dípò kó pọ̀ sí i, jọ̀ọ́, má fi ipá tì í. Lẹ́yìn ìpalára ìgúnpá, eegun lè máa hù níbi tí kò yẹ kó hù, nínú ẹran àti ní ẹ̀gbẹ́ oríkèé. Dókítà ló kàn.

Ìbùkún_Ọwọ́

Àfikún kékeré. Àwọn kan á kọ àìnà tán rẹ̀ ní “−25”, àwọn míì sì ń lo àmì yẹn kan náà fún ẹni tí ìgúnpá rẹ̀ nà kọjá títọ́ lọ sí ẹ̀yìn. Ẹni méjì á ka ìwé kan náà, wọ́n á sì rí apá méjì tó yàtọ̀. Kọ ọ́ bí Títílayọ̀ ṣe kọ ọ́, 25 sí 115. Bó bá nà kọjá 0, fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ ọ́.

Ẹ má gbàgbé ọwọ́ o. Apá tó ti pẹ́ nínú sìmẹ́ǹtì tàbí nínú ọ̀já ìgbéwọ́kọ́rùn, ìka rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ náà máa ń le. Tí ẹ bá ń wọn ìka, ẹ wo ibi tí ọrùn ọwọ́ wà. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ ti ara yín wọnú pátápátá kí ẹ wá gbìyànjú láti di ẹ̀ṣẹ́: kò ní dì dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ìka yín kò ṣàìsàn. Okùn iṣan tó gba ẹ̀yìn ọwọ́ kọjá ni gígùn rẹ̀ ti tán. Ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà ní títọ́, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀n.

Mojí_OT

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀, mo sì fẹ́ bi Títílayọ̀ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í. Ṣé o ti jókòó wo obìnrin náà níbi tó ti ń gbìyànjú láti ya irun? Ṣé o ti wò ó lórí ẹ̀rọ ìránṣọ?

OT ni wá. Iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ ṣe ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló ń sọ ohun tó yẹ kí n wọ̀n fún mi. Mo máa ń lo Canadian Occupational Performance Measure, kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì sí i, kó sì fún bó ṣe ń ṣe é àti bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn ní máàkì láti 1 dé 10. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbé goniometer.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ obìnrin yìí. Láti ọdún 1981 ni Morrey àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń béèrè pé kí ìgúnpá lè lọ láti nǹkan bíi 30 dé 130, kí àtẹ́lẹwọ́ sì lè yí nǹkan bíi 50 sókè àti 50 sísàlẹ̀. Èyí tó fúnra rẹ̀ ṣe parí sí 105. Ọwọ́ tí kò ká ju 105 lọ kò lè dé orí, kò sì lè dé ọrùn aṣọ, ì báà ní agbára 5. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè ya irun. 4 tí o kọ kò tako ohun tí o rí, ìbéèrè ọ̀tọ̀ ló ń dáhùn.

Ẹ̀rọ ìránṣọ wá ńkọ́? Níbẹ̀, ìgúnpá máa ń wà nítòsí 90, ó sì ní 90 dáadáa. Oríkèé ìgúnpá kọ́ ni ìdíwọ́ níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ sórí aṣọ, tí apá á sì máa wà ní gbígbé fún ìgbà pípẹ́. O ò sọ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí sí. Wọ̀n ọ́n. Bí kò bá yí tó, èjìká ló máa gbé síta láti fi dí i, èjìká á sì tètè rẹ̀ ẹ́. Tó bá ń yí dáadáa, ìfaradà ni kí o dojú kọ.

Ẹ̀sùn méjì ló mú wá, ìdí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì lè wà lẹ́yìn wọn.

Alàgbà_Oníwọ̀n

Mojí, mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú tí kò tíì gbó á wo ẹni tó ń ya irun, á rí i pé ó gbé èjìká sókè, kò sì ní mọ̀ bóyá èjìká ló le ni tàbí ìgúnpá. Nígbà àkọ́kọ́, kí ó wọn gbogbo oríkèé apá náà láti èjìká dé ìka.

Mojí_OT

Ẹ̀gbọ́n, ẹ óò fi gbogbo wákàtí ìtọ́jú wọ̀n, ẹni náà á sì lọ sílé láì ṣe nǹkan kan. Mo gbà pé kí ó yẹ gbogbo apá wò bí Ọwọ́Yá ṣe sọ, kí ó wá fi goniometer wọn èyí tó bá yàtọ̀ sí apá kejì. Ìyẹn ò ṣòro fún ẹni tuntun.

Ẹni_Wọ́n_Tọ́jú_Rí

Ẹ jẹ́ kí èmi tí kì í ṣe olùtọ́jú sọ̀rọ̀. Apá mi ni wọ́n wọ̀n lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀. Níbi kan tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n á ní kí n gbé e, kí n dì í mú, kí n tì, kí n fà, léraléra, wọn ò bi mí bó ṣe ń dùn mí tó. Nígbà tí wọ́n bá dé orí ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an, apá mi ti kú. Wọ́n á wá kọ ọ́ pé mi ò lágbára.

Níbi kejì, obìnrin tó tọ́jú mi á ní kí n fi apá tó dá ṣáṣá ṣe é ṣáájú kí n lè mọ ohun tí ó fẹ́. Á sọ fún mi pé: “Tó bá dùn yín, ẹ sọ, mi ò ní fi ipá tì í.” Ó sì bi mí pé àsìkò wo lójúmọ́ ni apá náà máa ń ṣe dáadáa jù. Àárọ̀ ni tèmi máa ń le, ọ̀sán ló máa ń rọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wọ̀n mí ní àsìkò kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bi àwọn ènìyàn.

Físíò_Kúnlé

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yẹn. Kí n wá sọ̀rọ̀ lórí 4 tí Títílayọ̀ kọ, nítorí nọ́ńbà tó ń tan ènìyàn jẹ ni.

Robert Lovett, dókítà eegun ní Boston, ló gbé ọ̀nà tí à ń gbà dán iṣan wò yìí kalẹ̀ fún àwọn tí àrùn polio mú. Wilhelmine Wright tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1912. Ẹ wo bó ṣe rí: 0, kò sí nǹkan kan. 1, ìka rẹ mọ̀ ọ́n pé iṣan sọ lábẹ́ awọ, ṣùgbọ́n oríkèé ò mì. 2, ó lè rìn dé òpin bí a bá mú òòfà ilẹ̀ kúrò, ìyẹn ni pé apá wà lórí tábìlì tó ń yọ̀. 3, ó lè gbé apá lòdì sí òòfà ilẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n kò lè gba àfikún kankan. 4, ó gba àtakò díẹ̀. 5, ó gba gbogbo àtakò.

Láti 0 dé 3, òòfà ilẹ̀ ni adájọ́, bákan náà ló sì rí fún gbogbo wa. Láti 4 lọ sókè, ọwọ́ olùdánwò ni adájọ́. Ọwọ́ tèmi àti tìrẹ ò rí bákan náà. Ẹni tó pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lè gba 4, ẹni tó pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ náà lè gba 4.

Nítorí náà, jẹ́ kó jókòó, di apá òkè rẹ̀ mú kó má baà fi èjìká ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kọ́kọ́ rí i pé ó gba 3. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ lé apá rẹ̀ nítòsí ọrùn ọwọ́, má kọjá oríkèé ọrùn ọwọ́. Fi agbára sí i díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lójijì. “Má jẹ́ kí n borí rẹ.” Kó má ṣe di èémí rẹ̀ sínú o, pàápàá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò le. Yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè kí o dán an wò, kọ àtàǹpàkò sókè kí o tún dán an wò, dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí o tún dán an wò. Gbogbo wọn ló ń ká ìgúnpá, ṣùgbọ́n iṣan tó gba iwájú iṣẹ́ máa ń yàtọ̀. Bó bá ń yí ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí o ṣe ń fi agbára kún un, iṣan kan ló ń wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ èkejì. Kọ ìyẹn sílẹ̀.

Kí o sì kọ ọ́ báyìí: “4, láàárín 35 sí 105, ìrora wà” tàbí “kò sí ìrora”. Iṣan tí kò lágbára tó sì ń dunni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò lágbára tí kò sì dunni rárá. Èyí kejì ló ń mú mi ronú nípa ìṣọ̀n ìmọ̀lára (nerve), tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé iṣan. Nítorí ibi tí eegun ti dá, wò ó bóyá ó lè gbé ọrùn ọwọ́ àti àtàǹpàkò rẹ̀ sókè dáadáa.

Fún dídi nǹkan mú, má lo ọwọ́ rẹ, lo dynamometer, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára tí ọwọ́ fi ń di nǹkan mú. Ó jókòó, èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ìgúnpá ní 90, àtàǹpàkò kọjú sókè, ọrùn ọwọ́ nà sẹ́yìn díẹ̀. Fi ìdìmú rẹ̀ sí ipò kejì. Ìgbà mẹ́ta fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kó máa sinmi láàárín, kí o ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí o sì pín in sí mẹ́ta. Ẹ̀rọ kan náà ni kí o máa lò fún un títí tí yóò fi parí.

Ìbùkún_Ọwọ́

Ó dára. Kí n kàn fi kún un pé ẹ má gba òfin “ọwọ́ tí à ń lò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lágbára ju èkejì” gbọ́ jù. Lára àwọn alọ́wọ́-òsì, ọwọ́ méjèèjì sábà máa ń sún mọ́ra gan-an.

Abẹ̀wò_Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, apá òsì rẹ̀ ti ń ká ara rẹ̀ kò. Ṣé 2 ni kí n fún iṣan tó ń ká ìgúnpá rẹ̀ ni àbí 3?

Mojí_OT

Má fún un ní ìkankan. Iṣan yẹn ń le fúnra rẹ̀, bó ṣe le tó sì ń yí padà pẹ̀lú bó ṣe jókòó, bí orí rẹ̀ ṣe kọjú, àti bí ara rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó. Nọ́ńbà tí o bá kọ láàárọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Kọ bó ṣe ń mì: ṣé ó lè ká ìgúnpá nìkan, àbí èjìká á gbé sókè, ìka á sì dì pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà? Ṣé ó lè tú u padà?

Tí o bá sì ń wọn èjìká rẹ̀, má fa apá náà, má sì gbé e kọjá 90 láìjẹ́ pé eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká ń bá a rìn. Gbé ọwọ́ rẹ sórí eegun yẹn kí o máa tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀pọ̀ ìrora èjìká lẹ́yìn àrùn yìí ni ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú máa ń dá kún.

Físíò_Kúnlé

Mo gbè é lẹ́sẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èèwọ̀ fún gbogbo aláìsàn rọpárọsẹ̀. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò le, tó sì ń mi oríkèé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a lè dán agbára rẹ̀ wò. Bàbá tí o ṣàpèjúwe yìí kò tíì dé ibẹ̀.

Àdùkẹ́_Tẹ́rápì

Ìfaradà ni èmi dúró dè, nítorí òun ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé dànù nínú ìwé, òun náà ló sì sábà máa ń pinnu bóyá ènìyàn á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìfaradà pé méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti iṣan kan tàbí apá kan, èkejì jẹ́ ti ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Títílayọ̀, kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ ti obìnrin yìí. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn láì mí hẹlẹhẹlẹ, tí apá nìkan ló ń rẹ̀ ẹ́, ti apá ni.

Fún ti apá, má fi ẹrù wíwúwo dán an wò, agbára ni ìyẹn ń wọ̀n. Ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò tó ìdajì ohun tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni kó máa gbé sókè-sódò, kí o máa ka iye ìgbà. Tàbí kó di apá mú sójú kan kí o máa wo aago. Ṣùgbọ́n fún aránṣọ, mo fẹ́ràn kí o gbé e sídìí iṣẹ́ gan-an. Fún un ní aṣọ àlòkù, kó rán ìlà tó tọ́. Má dúró dìgbà tó bá ní “ó ti rẹ̀ mí”. Máa wo ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́: ìlà á máa wọ́, èjìká ọ̀tún á máa gòkè sí etí, ọwọ́ òsì á máa wá ṣe iṣẹ́ ọ̀tún, á máa fi ẹsẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró lemọ́lemọ́. Kọ ìṣẹ́jú tí ìkọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Kọ iye ìgbà tó sinmi àti bí ìsinmi náà ṣe gùn tó. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí o lè fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fún ti gbogbo ara, ka bí ọkàn ṣe ń lù kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe parí gan-an, àti iye ìṣẹ́jú tó gbà kó tó padà sí bó ṣe wà. Bi í lórí òṣùwọ̀n Borg tó lọ láti 6 dé 20 bí iṣẹ́ náà ṣe nira tó lójú ara rẹ̀. 6 ni ìsinmi pátápátá, 13 ni ó nira díẹ̀, 20 ni ibi tí agbára tán sí. Tí àyà bá ń dùn ún, tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tó bá ń làágùn tútù tàbí tí kò lè mí kanlẹ̀, dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, kí o gba àṣẹ dókítà kí o tó dán irú èyí wò rárá.

Má sì gbàgbé oorun. Ẹni tí ìrora kì í jẹ́ kó sùn lóru, ìfaradà rẹ̀ kò lè dára lọ́sàn-án.

Ọwọ́Yá

Borg dùn mọ́ mi, ó yá kánkán. Tó bá ní 13, a jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń lù ní 130 nìyẹn, mi ò tiẹ̀ nílò láti kà á.

Físíò_Kúnlé

Rárá o, jọ̀ọ́, kà á. Ìlọ́po mẹ́wàá yẹn jẹ́ ìfojúdíwọ̀n fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú beta-blocker, oògùn náà kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, ó lè ní 15 nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò tíì lù dé 100. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tó sọ lórí Borg ló wúlò jù, lílù ọkàn ni kò ṣeé gbára lé. Borg kejì tún wà tó lọ láti 0 dé 10. Ẹ máa kọ èyí tí ẹ lò, torí 7 lórí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìsinmi, 7 lórí èkejì ti le gan-an.

Títílayọ̀_OT

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Mo wọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, láì fi ooru sí i: òun fúnra rẹ̀, 35 sí 105, tí mo bá a ṣe, 30 sí 110. Ó ń dúró gírígírí ṣùgbọ́n ó ṣì ń fúnni ní díẹ̀, kò gbóná, kò wú. Ọrùn ọwọ́ àti àtàǹpàkò ń gòkè dáadáa. Àtẹ́lẹwọ́ yí sókè dé 70, ṣùgbọ́n nígbà tó dojú rẹ̀ bolẹ̀, 40 ló dé, apá kejì dé 80. Lórí ẹ̀rọ, èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè ní ìṣẹ́jú kẹrin, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ní ìkẹfà, ó gbé ọwọ́ sílẹ̀ ní ìkẹjọ. Borg 6 sí 20, ó ní 15. Lílù ọkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ìgbà wo ni kí n tún wọ̀n ọ́n?

Mojí_OT

40 yẹn gan-an ni mò ń wá! Èjìká ló ń bá ọwọ́ yí aṣọ láti ìṣẹ́jú kẹrin. Bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lórí yíyí àtẹ́lẹwọ́ bolẹ̀ pẹ̀lú kíká ìgúnpá. Ní báyìí ná, gbé ìjókòó rẹ̀ sókè díẹ̀ sí tábìlì ẹ̀rọ kó lè máa rán aṣọ láì gbé èjìká, kí o fún un ní ìsinmi kí ìṣẹ́jú kẹrin tó pé, má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Fún irun, kóòmù ọlọ́wọ́ gígùn títí ìgúnpá á fi ká sí i.

Alàgbà_Oníwọ̀n

Wọn oríkèé lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ní àsìkò kan náà, ìwọ fúnra rẹ, goniometer kan náà. Dynamometer àti agbára iṣan, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ti tó. Bí àyè tí oríkèé ní nígbà tí o bá a ṣe bá dínkù ju dígírì 5 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, má dúró de ìwọ̀n kẹta, kọ̀wé sí dókítà eegun lọ́jọ́ náà.